Abẹ́rẹ́ tó gbé màmá wa dìde, kí ló dé tí dókítà kò fún àbúrò mi?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin já bọ́ lórí ọ̀kadà, ó forí sọlẹ̀. Wọ́n ṣe CT scan fún un, wọ́n ní kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ sí, pé ọpọlọ rẹ̀ ló wú, ìfúnpá inú agbárí rẹ̀ sì ga. Wọ́n ń fà á ní mannitol, ó ń tọ̀ ṣáá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n dá a dúró. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kókó yọ nínú ọpọlọ màmá wa, dexamethasone ni wọ́n fún wọn, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń jẹun. Mo bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n fún àbúrò mi náà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Aládùúgbò wa obìnrin ní Diamox lòun ń lò fún ìfúnpá orí tòun. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní tiwọn sọ pé ṣebí BP rẹ̀ ló ga lójú ẹ̀rọ, kí wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìwòsàn náà ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá inú orí. Ta la máa gbọ́ tirẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ìbéèrè yín pọ̀, àmọ́ orísun kan náà ni gbogbo wọn ní: ẹ gbọ́ pé ìfúnpá ga nínú orí ẹni mẹ́ta, ẹ wá rò pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn kan tó jẹ́ gbogboǹṣe fún ìfúnpá inú agbárí. Ohun tó gbé ìfúnpá náà sókè ni dókítà ń wá oògùn fún, oògùn tó sì gba ẹnì kan là lè pa ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Wọ́n ti ka iye àwọn tó kú, n ó sì sọ ọ́ fún yín tí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹ̀gbọ́n yín àgbà, torí ìmọ̀ràn tiwọn ló léwu jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí.

Egungun agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọpọlọ fúnra rẹ̀, tó gba nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àyè ibẹ̀; ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú iṣan; àti omi mímọ́ gaara kan tó yí ọpọlọ ká, tó sì ṣàn wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 150 mílílítà. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, àfi kí àwọn yòókù sún fún un. Alexander Monro, dókítà ará Scotland, ló ti sọ èyí ní 1783, George Kellie tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1824. Títí dòní, orí ọ̀rọ̀ yẹn náà la ṣì dúró lé. Tí wíwú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi yẹn á sún sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á fà sẹ́yìn, ẹni náà lè má mọ̀ ju pé orí ń fọ́ òun lọ. Ìgbà tí kò bá sí àyè tí wọ́n tún lè sún sí mọ́ ni wàhálà dé: wíwú díẹ̀ sí i, ìfúnpá á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ fi lè má dáhùn mọ́ tó bá di ọ̀sán.

Bí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀, ìfúnpá yìí máa ń wà láàárín 7 sí 15 mmHg, òṣùwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn BP. Fún ẹni tó fi orí ṣèṣe, ìlànà tó jáde ní 2016, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ń tẹ̀ lé, sọ pé tó bá ti kọjá 22 kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì gòkè gbọ́dọ̀ borí ìfúnpá yẹn kó tó ráyè wọnú ọpọlọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní agbedeméjì BP àbúrò yín jẹ́ 90, ìfúnpá inú agbárí rẹ̀ sì jẹ́ 30. Ẹ yọ 30 kúrò nínú 90, ó ku 60. Iye tó kù yẹn ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ ọpọlọ, àárín 60 sí 70 la sì fẹ́ kó wà. Ẹnì kan wá fún un ní amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, BP náà já wálẹ̀ sí 70. 40 ló kù. Ọpọlọ tó ti fara pa tẹ́lẹ̀ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó, ìfarapa kejì á gun orí àkọ́kọ́.

Ara mọ ìṣírò yìí, kò dúró de dókítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ pé bí inú agbárí bá ti fún pinpin, BP á gòkè, ọkàn á máa lù lọ́ra, èémí á sì máa ṣe ségesège. Nítorí náà, BP tí ẹ̀gbọ́n yín rí lójú ẹ̀rọ lè jẹ́ ọ̀nà tí ara fi ń jà kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lórí. Tí ẹ bá rí i tó ga lójijì tí ìlù ọkàn sì ń falẹ̀, ẹ pariwo pe dókítà, torí àmì pé nǹkan ń burú sí i nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ tí iṣan bẹ́ nínú ọpọlọ yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n máa ń rọra fa BP tó ga jù wálẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Dókítà tó wà nídìí aláìsàn ló ń ṣe ìyẹn o, kì í ṣe ẹni tó wá kí i.

Ó ku mannitol. Ìdílé ṣúgà ló ti wá, ṣùgbọ́n ara kì í lò ó bíi ṣúgà. Kíndìnrín ló ń dà á nù bó ṣe wọlé, torí náà kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ ga. Tí wọ́n bá fà á sínú iṣan apá, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń dúró sí, torí ara iṣan ọpọlọ tó ṣì dá ṣáká kì í jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ á wá ki ju omi inú ọpọlọ lọ, á sì máa fa omi jáde láti inú ẹran ọpọlọ, bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja tútù. Omi yẹn á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú àpò ìtọ̀ tí ẹ rí. Àmọ́ kì í ṣe omi ọpọlọ nìkan ló wà nínú àpò yẹn. Ti ara yòókù ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe pàtàkì, n ó padà sí i.

Kó tó di pé ó fa omi, ó ti ṣe iṣẹ́ kan ná. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn wẹ́rẹ́, iṣan inú ọpọlọ á sún kì díẹ̀, àyè á sì yọ. Fífa omi gan-an gba ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó tó hàn, agbára rẹ̀ sì lè tó wákàtí mẹ́fà. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi máa ń tún un fún un lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Wíwúwo ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: gíráàmù 0.25 sí 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìgò 20% tó jẹ́ 500 mílílítà ní gíráàmù 100 nínú, torí náà tí nọ́ọ̀sì bá pa á nígbà tó ṣẹ́ kù, kò fi nǹkan yín ṣòfò.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń lọ ra oògùn yìí fúnra wọn níta, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa wò. Mannitol tó bá wà níbi tó tutù, bíi ilé oògùn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, a máa dì. Ẹ gbé ìgò náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yí i po. Tí ẹ bá rí wóró funfun tó ń dán ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á rì í sínú omi gbígbóná títí wóró náà á fi yọ́ tán, á jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́, á tún gbé e wò lójú ìmọ́lẹ̀, kó tó so ó mọ́ rọ́bà dírípù tó ní asẹ́. Asẹ́ yẹn kò ṣeé fojú fò, kí wóró má baà wọ iṣan. Nígbà náà ni yóò tú u sílẹ̀ kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30. Èyí tó ń kán tó, tó, tó, láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, ìyẹn ò ṣe iṣẹ́ tí a rán an, mo sì máa ń béèrè ìdí tí mo bá rí i ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó dákú tí wọ́n ń fún ní mannitol tún gbọ́dọ̀ ní rọ́bà ìtọ̀, kí wọ́n lè máa ka iye tó ń jáde.

Kí ló dé tí wọ́n wá dá a dúró? Ó lè jẹ́ pé ó ti ń ta jí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà láàárọ̀ fi hàn pé ó ti ki jù. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fún un mọ́ tí kíki ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá 320 lórí òṣùwọ̀n wọn, torí kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Bóyá ìtọ̀ tó pọ̀ yẹn ti gbẹ ara rẹ̀, BP ti ń já, ìṣírò 90 yọ 30 tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan sì ti ń bàjẹ́. Ìdí kan tún wà tí ẹbí kì í sábà gbọ́: mannitol tí wọ́n bá fún ènìyàn léraléra fún ọjọ́ púpọ̀ máa ń jò díẹ̀díẹ̀ sínú apá ibi tó fara pa nínú ọpọlọ, torí ara iṣan ibẹ̀ kò dá ṣáká mọ́. Tó bá ti wọ ibẹ̀, á wá máa fa omi padà sínú ọpọlọ. Ẹ lọ bá dókítà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni iyọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wí láàárọ̀ yìí?" Dókítà tó bá gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ á jókòó ṣàlàyé fún yín.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí omi iyọ̀ líle. Ẹ má ṣe wò ó pé omi iyọ̀ lásán ni. Omi iyọ̀ dírípù tí ẹ mọ̀ jẹ́ 0.9%; ti èyí jẹ́ 3%, èyí tó le jù tó 23.4%, tó jẹ́ pé 30 mílílítà rẹ̀ péré ni wọ́n ń rọra fún, nínú iṣan ńlá nìkan. Iṣẹ́ kan náà tí mannitol ń ṣe ló ń ṣe, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀: ní 1919, Weed àti McKibben ní Amẹ́ríkà fún ológbò ní omi iyọ̀ líle, wọ́n sì rí i tí ọpọlọ rẹ̀ ń súnkì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í gbẹ ara bíi ti mannitol, torí náà ó dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù lára rẹ̀ nínú ìjàǹbá. Ìwádìí kò tíì fi hàn pé ọ̀kan nínú méjèèjì ń gba ẹ̀mí là ju èkejì lọ, nítorí náà tí ilé ìwòsàn yín bá ní ọ̀kan tí kò ní èkejì, ẹ má ṣe torí ìyẹn gbé e kúrò.

Ó wá kan dexamethasone, èyí tó ń dùn yín jù.

Ohun tí ẹ rí lára màmá kì í ṣe àròsọ. Ní 1961 ni Galicich àti French ní Yunifásítì Minnesota kọ̀wé nípa irú ìyanu bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó ní kókó nínú ọpọlọ, òdiwọ̀n tí wọ́n lò nígbà náà, mílígíráàmù 10 lákọ̀ọ́kọ́ àti 4 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ dókítà dòní. Kókó inú ọpọlọ máa ń hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, àwọn iṣan yẹn ò sì dí dáadáa. Omi ń jò láti inú wọn sínú ọpọlọ tó yí wọn ká, omi yẹn ló sì ń fún orí pa. Dexamethasone ń dí ojú ibi tó ń jò. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, omi á fà, orí fífọ́ á rọlẹ̀, apá tí kò gbé á gbé. Kókó náà wà níbẹ̀ o, kò kúrò. Omi tó yí i ká ló gbẹ, àyè sì yọ fún oníṣẹ́ abẹ láti wá ohun tó máa ṣe.

Ọpọlọ ẹni tó fi orí sọ kọ́ńkéré ò wú báyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fúnra wọn ló gba ìpalára, omi ń wọ inú wọn, wọ́n ń wú, dexamethasone ò sì rí nǹkan ṣe sí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà kárí ayé fi ń fún àwọn tó fi orí ṣèṣe ní steroid, ìyẹn ìdílé oògùn tí dexamethasone wà, torí bí ẹ ṣe rò ó gan-an ni wọ́n ṣe rò ó: ó jẹ́ fún kókó, kí ló dé tí kò ní jẹ́ fún ti ìjàǹbá? Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ṣètò ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní CRASH, wọ́n fẹ́ gba 20,000 ènìyàn tó fi orí ṣèṣe. Wọ́n fún ìdajì ní methylprednisolone, tó jẹ́ ọmọ ìyá dexamethasone, wọ́n fún ìdajì yòókù ní omi tí kò ní oògùn nínú. Nígbà tí iye wọn dé 10,008, àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà dá a dúró. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2004. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 21.1 nínú 100 àwọn tó gba steroid ló kú. Nínú àwọn tó gba omi, 17.9. Ẹ ro bí àwọn tí wọ́n ti fún ní oògùn náà kó tó di ìgbà yẹn ṣe pọ̀ tó káàkiri ayé, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ pé oògùn ló gba ẹ̀mí lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, torí ẹni tó forí pa tó sì kú kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nítorí náà, àwọn dókítà tó kọ̀ fún yín yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo mọ̀ pé dexamethasone kò wọ́n, mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì ìta láìbéèrè ìwé dókítà. Ẹ má rà á. Ẹ má sì fi bẹ nọ́ọ̀sì alẹ́ pé kó bá yín fún un.

Àrùn tó bá wọ inú ọpọlọ náà tún ní tirẹ̀. Nínú yírùnyírùn tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ fà, ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹni 545 ní Vietnam, tó jáde ní 2004, fi hàn pé dexamethasone dín ikú kù. Nínú yírùnyírùn ti olú wẹ́wẹ́ tó ń mú àwọn tó ní kòkòrò HIV tí agbára ara wọn ti lọ sílẹ̀, ìwádìí mìíràn ní Áfíríkà àti Éṣíà fi hàn ní 2016 pé ìpalára ló ń ṣe, wọ́n sì dá a dúró láìparí. Fún àwọn tí yírùnyírùn olú wẹ́wẹ́ yìí mú, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa omi jáde ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ojoojúmọ́ nígbà mìíràn, títí ìfúnpá á fi rọlẹ̀.

Ti aládùúgbò yín, mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n láìrí wọn, àmọ́ àwọn tó sábà máa ń lo Diamox fún orí ni àwọn tí ìfúnpá wọn ga láìsí kókó, láìsí ìjàǹbá, láìsí àrùn kankan lójú scan. Àwọn obìnrin tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ìbímọ tí ara wọn sanra ló ń mú jù. Orí á máa fọ́ wọn, ojú á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n dìde, wọ́n á máa gbọ́ ìró kan tó ń lọ fùú, fùú nínú etí pẹ̀lú ìlù ọkàn wọn. Kì í sábà pa ènìyàn, àmọ́ ó ń fọ́ ojú. Acetazolamide, tí Diamox jẹ́ orúkọ ọjà rẹ̀, ń dín omi mímọ́ gaara tí ọpọlọ ń ṣe kù. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, fún ẹni 165 ní ètò oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ púpọ̀, tó sì ń mú kí ènìyàn fọn. Wọ́n fi oògùn yìí kún un fún ìdajì wọn, díẹ̀díẹ̀ títí dé gíráàmù mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹni tó bá lè gbà á. Ojú àwọn tó lò ó sàn díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìka á máa rin wọ́n, mínírà á sì di omi burúkú lẹ́nu wọn. Òkúta kíndìnrín náà lè wá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí sísanra dín kù ṣe pàtàkì gan-an, kì í ṣe hóró oògùn nìkan, àti pé tí wọ́n bá ń lo tetracycline tàbí doxycycline tí wọ́n rà fúnra wọn, kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà wọn, torí àwọn oògùn yẹn lè fa irú ìfúnpá yìí. Kí wọ́n sì rí dókítà ojú déédéé, kódà tí orí ò bá fọ́ wọn mọ́.

Fún àbúrò yín, Diamox ò wúlò. Kì í ṣe omi yẹn ló pọ̀ jù nínú orí tirẹ̀, oògùn náà sì máa ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, èyí tó lè gbé ìfúnpá ga sí i níbi tí àyè ò ti sí.

Àwọn oògùn oorun wà pẹ̀lú: propofol, midazolam, àti thiopental tó jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń dé ìdí rẹ̀. Ọpọlọ tó sùn fọnfọn kì í béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ amúnimí wà nìkan ni wọ́n ti ń lò wọ́n báyìí. Tí wọ́n bá ń fún un ní oògùn gìrì bíi phenytoin, ẹ má jẹ́ kó já. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣọ́, torí gìrì kan ṣoṣo lè gbé ìfúnpá náà padà sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹbí ṣọ́ jù ni dírípù. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń ní "ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ fà á ní gúlúkóòsì kó lè lágbára". Omi dextrose 5% nìyẹn. Ara á jẹ ṣúgà rẹ̀ tán kíákíá, omi lásán á ṣẹ́ kù, omi lásán yẹn á sì lọ sínú ọpọlọ tó ń wú. Gbogbo ohun tí mannitol fà jáde láàárọ̀ á padà wọlé lálẹ́. Omi iyọ̀ 0.9% ló yẹ kó gbà, àyàfi tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tí dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀. Kí orí bẹ́ẹ̀dì ga tó ìwọ̀n 30, kí ọrùn rẹ̀ wà ní títọ́, kí ìdè ọrùn má fún un, torí ọrùn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò lórí. Ibà, ẹ má gbà á láàyè. Àgbo àti oògùn ìbílẹ̀, ẹ má fi sí i lẹ́nu rárá. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè gbé e sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá tí ẹ ní wọn ò ní, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹni 324 ní Bolivia àti Ecuador, tó jáde ní 2012, fi àwọn tí wọ́n ki ẹ̀rọ sí lórí wé àwọn tí wọ́n ń wo ojú wọn, tí wọ́n ń ṣe scan fún. Èsì méjèèjì bára dọ́gba. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ bíbí Àwẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ní 1962, kò tíì sí CT scan níbikíbi láyé. 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún aláìsàn ní ìlú London. Tọ́ọ̀ṣì tí dókítà ń tàn sí ọmọlójú àbúrò yín ní wákàtí-wákàtí, tó sì ń béèrè pé "la ojú, gbá ọwọ́ mi mú", ẹ̀rọ tiwọn nìyẹn. Tí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí kò dáhùn bó ṣe ń dáhùn lánàá, wọ́n gbọ́dọ̀ tún CT scan ṣe lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ dídì lè jáde lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kò sì sí oògùn tó lè yọ ọ́.

Tí gbogbo oògùn wọ̀nyí bá kùnà, ó lè di pé wọ́n fẹ́ gé apá kan egungun agbárí kúrò fún ìgbà díẹ̀ kí ọpọlọ lè ráyè wú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016, pẹ̀lú ẹni 408 tí oògùn ò mú ìfúnpá wọn wálẹ̀, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 26.9 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n ń bá oògùn nìkan lọ, 48.9. Àmọ́ nínú àwọn tó yè, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú wọn là sílẹ̀ ni, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pọ̀ lápá ti iṣẹ́ abẹ ju ti oògùn lọ. Tí wọ́n bá gbé ìwé ìfọwọ́sí wá bá yín, ẹ bi dókítà bí ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ń dáhùn lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé, àti ohun tó wà lójú scan ṣe jọ ti àwọn tó dìde rìn, tàbí ti àwọn tí kò dìde, kí ẹ tó mú bírò.